Ó Ń Fún, Kò Ta

Nọ́ọ̀sì tí gbogbo ilé ìwòsàn náà ń pè ní Atúnṣe tẹ́ káàdì funfun kan sórí tábìlì, ó fi rúlà fa ìlà mẹ́wàá sí i, ó gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù rẹ̀ títí ó fi mú, ó wá jókòó láti kọ̀wé. Bó ṣe máa ń ṣe nǹkan nìyẹn. Iṣẹ́ tí ẹlòmíràn á fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe tán, òun á kọ́kọ́ yí i po, á wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa parí sí. Kò sí àga tó ṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ tó há tàbí òṣùwọ̀n tó ń purọ́ nínú ilé náà tí kò tíì tú palẹ̀ rí. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Ìwé àti sùúrù ló kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, ìlà ti wà, pẹ́ńsù ti mú, ọwọ́ rẹ̀ kò lọ.

Iṣẹ́ náà kò le. Dókítà obìnrin tó ń bójú tó ilé ìwòsàn kékeré náà, tí kì í wá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ló ní kó kọ ìbéèrè mélòó kan sílẹ̀ tí wọ́n máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìgbàlejò. Ẹni tó bá ti wọlé tó dárúkọ àyà, wọn ò ní ní kó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kó máa dúró de fáìlì. Nítorí ọ̀rọ̀ káfíńtà àdúgbò kan ni. Dókítà ní ohun tí Atúnṣe ṣe fún káfíńtà lóṣù tó kọjá dára débi pé ó yẹ kó di ìlànà fún gbogbo ilé. Ó tilẹ̀ ti kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá pé àga olórí ilé ìwòsàn, tó ti ṣófo láti ìgbà tí ẹni tó wà níbẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, Atúnṣe ni kí wọ́n fún. Ó kù kó fọwọ́ sí i lọ́jọ́bọ̀.

Gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tí Atúnṣe ṣe fún káfíńtà. Ọkùnrin náà ṣubú lulẹ̀ nídìí iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ará ilé kejì gbé e wá. Atúnṣe tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kó jẹ asipírìn lẹ́nu, ó lẹ waya ẹ̀rọ tó ń wo ọkàn mọ́ ọn láyà, ó wo pépà tó jáde, ó rí i pé ìlà tó yẹ kó sùn sílẹ̀ ti gbé ẹ̀yìn sókè bí ológbò tó rí ajá, ó sì ti wà lórí fóònù pẹ̀lú ilé ìwòsàn ńlá kí ẹ̀rọ náà tó dákẹ́. Áńbúláǹsì gbé ọkùnrin náà lọ. Ó padà wá sílé láàyè. Ìyàwó rẹ̀ wá síwájú gbogbo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó di ọwọ́ Atúnṣe mú, ó ní òun kò mọ bí òun ṣe máa dúpẹ́. Atúnṣe wo ilẹ̀. Wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn ni ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sí.

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí pépà wà lórí tábìlì Atúnṣe, ó ti tú ikùn rẹ̀ síta. Ẹ̀rọ náà kò ju àpótí bàtà lọ. Waya mẹ́wàá ló jáde lára rẹ̀: wọ́n á lẹ mẹ́fà mọ́ àyà, wọ́n á fi mẹ́rin mọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Iná kékeré tí ọkàn fi ń ta ara rẹ̀ jí kó lè lù á gba inú àwọn waya yìí, ẹ̀rọ á sì yà á bí òkè àti àfonífojì sórí pépà onígun kéékèèké. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìlà rẹ̀ fi ń gbọ̀n bíi koríko nínú atẹ́gùn. Wọ́n ní ó ti kú. Atúnṣe ní ẹ̀rọ tó bá ti kú kò lè máa gbọ̀n. Waya kan ló já nínú awọ rẹ̀, níbi tó ti ń tẹ̀ kó tó wọnú àpótí, níbi tí ojú kò ti lè rí i. Ó ń fi ìka tẹ waya kọ̀ọ̀kan wò, ó ń wo ìlà, ó sì kù díẹ̀ kó bá a.

Ìgbà yẹn ni káfíńtà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, àyà mi ni o. Ó ń fún mi. Ó rí bí ìgbà tí wọ́n dè é mọ́ fáìsì, irin tí mo fi ń fún pákó pọ̀."

Atúnṣe gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ẹni tó ń pe ẹlòmíràn nílé kejì. Waya wà láàárín eyín rẹ̀. Láìgbé orí sókè ló bi í pé, "Ṣé ó ń ta yín ni, bàbá?"

Káfíńtà wo aṣọ funfun lára rẹ̀. Ó ní, "Ó lè jẹ́ títa náà ni."

Ṣé ó jẹ ata lánàá? Ó jẹ ẹ́. Atúnṣe na ọwọ́ sínú àpótí oògùn, ó fún un ní oògùn funfun tí wọ́n fi ń pa iná oúnjẹ tó máa ń ta ni láyà, ó kọ ọ́ sínú fáìlì pé: àyà ń ta á lẹ́yìn oúnjẹ aláta. Káfíńtà dúpẹ́, ó lọ.

Ohun tí kò jẹ́ kí Atúnṣe lè fi ojú kan ara rẹ̀ nínú dígí mọ́ kò sí nínú fáìlì. Ní gbogbo àkókò tí káfíńtà fi dúró, ó di ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín gbùngbùn àyà, kò sì gbé e kúrò. Atúnṣe fi igun ojú rí i. Ó ti ka nípa ẹ̀ṣẹ́ náà nínú ìwé mẹ́ta, ó mọ̀ pé ẹni tí ọkàn ń fún ló sábà máa ń dì í bẹ́ẹ̀. Ó rí i, ó sì padà sídìí waya.

Kó tó di ọ̀sán, ó ti bá ibi tó já. Ó jó òjé mọ́ ọn, ó de àpótí padà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó lẹ waya mọ́ ara rẹ̀, ìlà tó mọ́ lóló jáde, ó gé pépà náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí gbogbo ayé lè wò ó. Ìgbà tí ó ń lẹ ọkàn tirẹ̀ mọ́ ògiri, ti káfíńtà ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ nílé.

Báyìí, apá kan nínú ẹran ọkàn ọkùnrin náà ti kú, kò sì ní jí mọ́. Kò lè fá pákó, kò lè gbé ìlẹ̀kùn.

Atúnṣe gbé pẹ́ńsù, ó fipá kọ ìbéèrè mẹ́wàá bó ṣe rí wọn nínú ìwé, ó gbé e lọ bá Àǹtí Fáìlì níwájú. Obìnrin yìí ti jókòó sídìí tábìlì ìgbàlejò fún ọdún mẹ́rìnlá, fáìlì gbogbo àdúgbò wà lórí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Ó ka àkọ́kọ́ sókè: "'Ǹjẹ́ ìrora náà ń tàn kálẹ̀ lọ sí apá òsì?' Atúnṣe, ta lo fẹ́ bi ní ìyẹn? Adájọ́?"

Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kó bi òun, kó ṣe bí ẹni pé òun ni aláìsàn. Atúnṣe bi í bóyá ó ń dùn ún tó bá mí sínú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣé kì í dùn ún tó bá mí sínú? Bẹ́ẹ̀ ni, sà, kì í dun òun. Ṣé ó ń lọ sí apá? Ó ń lọ sí apá, sà, ó tún ń lọ sí ilé ọkọ. Ẹni méjì tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Atúnṣe náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Àǹtí Fáìlì kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Àgbàlagbà tó ti dúró níwájú rẹ," ó ní, "tí ẹsẹ̀ ń ro, tó ń wo aṣọ funfun lára rẹ, ohun tí o bá ti ní ó ń ṣe é náà ló ń ṣe é. Kò ní já ọ sí irọ́. Á tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Atúnṣe lára bí omi tútù. Ìbéèrè òun ló gbé ìdáhùn lọ́wọ́ kó tó dé etí ọkùnrin náà. Ó gba káàdì náà padà, ó fà á ya, ó ní òun ń lọ sílé káfíńtà lọ bi í bó ṣe rí lára rẹ̀ gan-an lọ́jọ́ náà. Àǹtí Fáìlì ní kó máa lọ gba ọpẹ́ rẹ̀, kó má gbàgbé ìpín àwọn tó kù nílé ìwòsàn.

Káfíńtà jókòó sórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń wo irin iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo àwọn ọmọ tó ti kúrò nílé. Ó ti fẹ́ẹ́rẹ́. Ó na ọwọ́ sí Atúnṣe, ó ní dókítà òun dé, ó ní kí wọ́n gbé àga wá fún ẹni tó ra ẹ̀mí òun padà. Ìyàwó rẹ̀ sáré gbé àga, ó nù ún, ó bu omi. "Ẹ kúuṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ẹ jókòó, ẹ jókòó dáadáa."

Atúnṣe sọ ohun tó bá wá, ọ̀rọ̀ káàdì tó fẹ́ kọ. Kò tíì dé ìdajì ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà fi bọ́ sí i.

"Ẹ bá mi kọ ọ́ sí i, ẹ jọ̀ọ́, pé kí àwọn ìyàwó ṣọ́ra fún ata," ó ní. "Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ohun tí mo sè lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó wá bá yín ta púpọ̀, mo mọ̀ pé ó ta. Ó tilẹ̀ dé láti ọ̀dọ̀ yín, ó ní Nọ́ọ̀sì ti ní àyà títa ni, pé ata ni. Láti ọjọ́ náà, ata kò wọ ìkòkò mi mọ́. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn ará ilé kejì."

Ọkọ rẹ̀ ní ìdí nìyẹn tí gbogbo oúnjẹ ilé òun fi ń dà bí omi ìfọwọ́, pé òun ò mọ èyí tó le jù nínú ìyà méjèèjì. Ó fi ṣe àwàdà. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ti wú láti ọjọ́ pípẹ́, Atúnṣe kò kàn fara balẹ̀ wò ó ni.

Títí di ìgbà yẹn, ó ti rò pé òun nìkan ló ń gbé ẹrù náà, pé bí òun bá dákẹ́, òun nìkan náà ló máa jìyà ìdákẹ́. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí òun kọ sínú fáìlì ti bá ọkùnrin náà délé, ó ti wọ ilé ìdáná, ó sì ti gun obìnrin yìí léjìká.

"Kì í ṣe ata," ó ní. Ó yíjú sí obìnrin náà. "Màmá, kì í ṣe ata. Bàbá kò sọ pé ó ń ta àwọn. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ń fún àwọn, wọ́n ní ó dà bíi fáìsì, wọ́n sì di ẹ̀ṣẹ́ mọ́ àyà. Mo rí i. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ni mo ń tún ṣe, mi ò gbé orí sókè. Ohun tí mo sọ ni mo kọ sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ. Ká ní mo gbé orí sókè ni, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọn ì bá ti gbé wọn lọ."

Káfíńtà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní òun rántí fáìsì náà. Ó ní nígbà tí Atúnṣe bèèrè títa, òun rò pé bóyá bí àwọn oníṣègùn ṣe ń pe fífún nìyẹn, pé àwọn náà ní èdè tiwọn bí káfíńtà ṣe ní tirẹ̀. Òun kò fẹ́ dà bí ẹni tó ń bá ọ̀mọ̀wé jiyàn.

Ìyàwó rẹ̀ ti dìde. "O rí i?" ó ní. "O rí ẹ̀ṣẹ́ náà?"

Atúnṣe gbọ́ "o" náà. Láti ọjọ́ tó ti mọ obìnrin yìí, "ẹ" ló ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Mo rí i, mà."

"Oṣù kan gbáko ni mo fi ń wo ìkòkò mi bí ẹni ń wo ọ̀tá. O wá síbí lẹ́ẹ̀mẹta láti bẹ̀ ẹ́ wò. Mo bu omi fún ọ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Ó mú ife omi tó wà níwájú Atúnṣe, ó gbé e jáde. Wọ́n gbọ́ tó da omi náà sílẹ̀ lóde. Nígbà tó padà wọlé, kò jókòó. Ó ní òun kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kò wúlò fún òun. "Ohun tí mo fẹ́ ni kó o lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń yìn ọ́. Bó o ṣe sọ ọ́ síbí yìí gẹ́lẹ́."

Atúnṣe ní òun á sọ ọ́. Bó ti ní òun á sọ ọ́ ni àga olórí ilé ìwòsàn kọjá lójú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ó ti lọ.

Ó dìde láti máa lọ. Káfíńtà ní níbo? Ó ní ṣé ó ti kọ ohun tó bá wá ni. Ó na ọ̀pá sí pákó kan tó fara ti ògiri, ó ní káàdì máa ya láàárín oṣù kan, pákó ló yẹ, òun á sì fi pẹ́ńsù sàmì sí i nítorí dókítà kò tíì fòfin de pẹ́ńsù. Atúnṣe ló máa fá a.

Bẹ́ẹ̀ ni Atúnṣe bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, ó gbé irin tí wọ́n fi ń fá pákó. Fífá àkọ́kọ́ há. Èkejì ya igi náà lára.

"Pákó lò ń fá," ni káfíńtà wí, "kì í ṣe irùngbọ̀n ọ̀tá rẹ. Dúró. Fi ọwọ́ pa á. Ibo ni ìlà ara igi náà dorí kọ?"

"Ọ̀tún, sà."

"Ìwọ ńkọ́, ibo lò ń lọ?"

Òsì ló ń lọ. Ó yí pákó náà padà, irin sì lọ geere, ewé igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń ká jáde lẹ́nu rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, inú rẹ̀ dùn sí bí irin náà ṣe ń ṣiṣẹ́, bí abẹ kékeré ṣe fara pamọ́ sínú igi tó sì yọ ẹnu síta bí eékánná. Ó rántí ibi tó wà, ojú tì í pé inú òun dùn.

Bó ṣe ń fá a ni wọ́n ń to ọ̀rọ̀ náà. Káfíńtà ní kó má bi aláìsàn ní ìbéèrè tó ní ìdáhùn nínú. Kó sọ fún un pé kó fi ọwọ́ hàn án, nítorí ọwọ́ òun kò purọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹnu òun ló gbà. Wọ́n jọ fi ẹnu kò pé kí wọ́n bi í pé kí ló ń ṣe nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kí ló sì ṣe tó fi rọlẹ̀. Káfíńtà ní òun ń fá pákó lọ́wọ́ ni, pé tí òun bá ti jókòó, á tú òun sílẹ̀ díẹ̀, tí òun bá tún dìde, á tún dè. Atúnṣe dá irin dúró. Ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ kò tó máa ń ké nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ fún un, á dákẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá dínkù. Iná oúnjẹ kò mọ̀ bóyá èèyàn ń fá pákó. Ìbéèrè kan péré ni ì bá ti fi mọ̀.

Ìyàwó káfíńtà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Òun ló sọ ìlà àkọ́kọ́, kò sì yíjú padà kó tó sọ ọ́: "Kọ ọ́ sókè pátápátá pé kí wọ́n gbé ohun tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀."

Lọ́jọ́bọ̀, Atúnṣe gbé pákó náà lọ́wọ́ kan, fáìlì káfíńtà lọ́wọ́ kejì, ó wọ yàrá dókítà. Kò pa ohun tó kọ tẹ́lẹ̀ sínú fáìlì náà rẹ́. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó kọ déètì àti àkókò, ó sì kọ ọ́ pé: "Ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn ni pé àyà ń fún òun bíi fáìsì. Èmi ni mo sọ pé ó ń ta á. Ó di ẹ̀ṣẹ́ mọ́ àyà, mo rí i, mi ò ṣe nǹkan kan."

Dókítà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi í pé ká ní ó dákẹ́ ńkọ́, ta ni ì bá mọ̀? Atúnṣe ní ìyàwó káfíńtà ti kó gbogbo ata ilé rẹ̀ fún ará ilé kejì. Ọ̀rọ̀ náà kò yé dókítà. Ó ṣàlàyé rẹ̀, ó sì yé e.

Kò pariwo. Ó fa dúrọ́ọ̀, ó mú lẹ́tà tó fẹ́ fọwọ́ sí, ó yí ojú rẹ̀ dé. Ó ní òun á kọ òmíràn, òun á sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n á rán ẹlòmíràn wá ṣe olórí. Fún oṣù mẹ́fà, Atúnṣe kò ní dá wo ẹnikẹ́ni tí àyà ń dùn. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó ní, "Mo ti rí àwọn tó ṣe èyí tó burú ju tìrẹ lọ tí wọn kò jẹ́wọ́. Ìyẹn kò sọ tìrẹ di kékeré."

"Mo mọ̀, mà."

Ó wá fa pákó náà sọ́dọ̀, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tí kò dárúkọ àyà rárá ńkọ́? Àwọn obìnrin, àwọn arúgbó, àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, ọkàn wọn lè máa fún kó jẹ́ pé àgbọ̀n ló ń dùn wọ́n, tàbí ẹ̀yìn, tàbí òkè ikùn, tàbí kó kàn rẹ̀ wọ́n ní ọ̀nà tí kò rẹ̀ wọ́n rí. Ó tún ní kó fi kún un pé pépà tó mọ́ kò túmọ̀ sí pé ọkàn mọ́: bí ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn bá burú, kí wọ́n ya òmíràn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Atúnṣe kọ méjèèjì sísàlẹ̀ pákó. Ọjọ́ yẹn náà ló yọ pépà ara rẹ̀ kúrò lára ògiri.

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ tó fi kárí ilé. Wọn kò gàn án lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín dínkù bó bá ti wọlé. Àǹtí Fáìlì fi ọjọ́ méjì bá a sọ̀rọ̀ fáìlì nìkan. Ní ọjọ́ kẹta, ó bi í ibi tí wọ́n fẹ́ kan pákó náà mọ́, ó ní tí kò bá wà níwájú ojú òun gan-an, òun náà lè kọ orí sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n kàn án síbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, alágbàrù kan wá, ó fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ egungun ìhà rẹ̀. Ó ń dùn ún tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ó ń dùn ún tó bá yíra padà. Àpò ló gbé jù. Wọ́n fi ẹ̀rọ yà á wò síbẹ̀síbẹ̀, ó mọ́, wọ́n fún un ní oògùn ara ríro. Àwọn bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù, olórí tuntun sì kọ́kọ́ ń kùn pé pépà ẹ̀rọ máa tán.

Ó di bí oṣù méjì, olùkọ́ obìnrin kan wọlé láàárọ̀ kùtù, ó ní eyín ló ń dun òun, kí wọ́n kọ ìwé fún òun láti lọ rí oníṣègùn eyín. Àǹtí Fáìlì gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kó fi ọwọ́ han òun. Obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀, ọwọ́ náà sì rọra sọ̀kalẹ̀ gba ọrùn lọ sí èjìká, bí ẹni pé kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ìgbà wo ló máa ń bẹ̀rẹ̀? Tó bá ń gun àtẹ̀gùn lọ sí kíláàsì. Kí ló ń mú un rọlẹ̀? Tó bá jókòó, ṣùgbọ́n lónìí ó ti jókòó, kò rọlẹ̀. Òógùn ń bọ̀ níwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òtútù ṣì ń mú.

Àǹtí Fáìlì kò bèèrè fáìlì rẹ̀. Ó pe Atúnṣe, ó pe olórí tuntun, ó fọwọ́ ara rẹ̀ mú obìnrin náà wọlé.

Olórí dúró tì í, Atúnṣe lẹ waya mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Pépà àkọ́kọ́ mọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ bí èyí tó lẹ̀ mọ́ ògiri nígbà kan. Olùkọ́ ní ṣé òun lè máa lọ, àwọn ọmọ ń dúró de òun. Atúnṣe ní kó ṣe sùúrù. Ó fa àga, ó jókòó kí ojú wọn lè ṣe déédéé, ó ní kó tún un sọ fún òun lọ́rọ̀ tirẹ̀. "Ó ń wọ́ mi láti ìdí eyín," ni obìnrin náà wí, "bí ẹni so okùn mọ́ ọn láti inú." Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò yí ọ̀rọ̀ kan padà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó tún yà á. Ìlà tó sùn dáadáa nínú ti àkọ́kọ́ ti rì wálẹ̀ ní ibi mẹ́ta tó tẹ̀ léra wọn.

Wọ́n fún un ní asipírìn láti jẹ lẹ́nu, wọ́n pe áńbúláǹsì, wọ́n fi pépà méjèèjì àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ránṣẹ́ tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, lẹ́tà dé láti ilé ìwòsàn ńlá. Olórí kà á síta nídìí tábìlì ìgbàlejò. Wọ́n ní ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kan lára ọkàn obìnrin náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátápátá, wọ́n là á kó tó dí tán, ẹran ọkàn rẹ̀ pé pérépéré, á padà sẹ́nu iṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní ohun tó wà lára pákó tí dókítà sọ fún àwọn, àwọn ń fẹ́ ẹ. Ilé ìwòsàn kékeré mẹ́rin mìíràn ń fẹ́ irú rẹ̀.

"Pé pérépéré," Àǹtí Fáìlì tún un sọ, bí ẹni ń tọ́ ọ wò.

Atúnṣe gba lẹ́tà náà, ó fi síbi tó yẹ nínú fáìlì olùkọ́. Ó mọ ọkàn kan tí kò pé, kò sì sí lẹ́tà tó lè tún ìyẹn ṣe.

Káfíńtà ló gba iṣẹ́ pákó mẹ́rin náà. Ó ń jókòó wọ̀n wọ́n, ó ń sàmì sí wọn, ó sì ń bú ẹni tó ń fá wọn. Atúnṣe ló ń lọ fá wọn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ní ọjọ́ tí wọ́n parí ìkẹrin, ìyàwó káfíńtà bu omi sínú ife kan, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Mu ún, o ti ń làágùn," ó sì padà wọlé.

Ó mu ún tán.